Ṣé aláìsàn ni ẹni tó wọ aago? Ohun tí ẹjọ́ Apple àti Masimo kọ́ wa

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn jùrí kan ní ìpínlẹ̀ California dájọ́ pé kí ilé iṣẹ́ Apple san mílíọ̀nù 634 dọ́là fún ilé iṣẹ́ Masimo tó ń ṣe ẹ̀rọ ìwòsàn. Jùrí ni àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà máa ń ṣà jọ láti gbọ́ ẹjọ́. Owó ńlá ni, àmọ́ ohun tó mú mi kọ̀wé lórí rẹ̀ lónìí ju owó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ìjà náà dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwa dókítà ń lò lójoojúmọ́: "aláìsàn". Ẹni tó wọ aago sọ́wọ́, tó ń sáré ìdárayá yí àdúgbò ká, ṣé aláìsàn ni? Aago tó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ṣé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ aláìsàn ni?

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá nínú ìjà àwọn olówó méjì lókè òkun? Ó kàn wá gan-an. Níhìn-ín ní Tema tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó wá rí dókítà nítorí ikọ́ á na ọwọ́ jáde, á ní, "Dókítà, aago mi sọ pé ọ́síjìn mi jẹ́ 97, kò séwu." Ẹlòmíràn á ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi aago ránṣẹ́ sí òun láti Houston, àmọ́ aago yẹn kì í ka ọ́síjìn, nígbà tí ti ọ̀rẹ́ òun tó rà á ní ọjà fóònù ní Circle, ní Accra, ń kà á. Á rò pé ayédèrú ni ẹ̀gbọ́n òun rà. Aago ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú rárá, ẹjọ́ ló pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ka ọ́síjìn?

Ẹ ti rí ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń fi há èèyàn ní ìka. Oximeter ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ máa ń pupa yòò, èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀. Ẹ̀rọ náà á tan ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì sí ara, ọ̀kan pupa, èkejì sì jẹ́ èyí tí ojú èèyàn kò lè rí. Ojú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní sensor, á wo èyí tó ṣẹ́ kù lára ìmọ́lẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn tó ti gba inú ẹran ara kọjá, á sì fi ṣírò iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Takuo Aoyagi, ló gbé ọgbọ́n tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe jáde ní ọdún 1974. Awọ wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, egungun wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀ ló ń lù kìkì. Aoyagi ní kí ẹ̀rọ mú apá tó ń lù nìkan, kó fi ìyókù sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti gba ẹ̀mí àìmọye èèyàn là lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Aoyagi kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń wá oximeter kiri nítorí àrùn Kòrónà.

Ní ìka, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ní ọrùn ọwọ́, ara nípọn, egungun sì wà láàárín. Ìmọ́lẹ̀ náà ní láti ta padà síbi tó ti wá kí ojú ẹ̀rọ tó lè rí i. Iṣẹ́ yìí le. Bí wọ́n ṣe to iná, bí wọ́n ṣe to ojú ẹ̀rọ, bí ẹ̀yìn aago ṣe rí lára awọ, gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jà lórí rẹ̀.

Páténtì dà bí ìwé ilẹ̀

Páténtì ni ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá gbé ohun tuntun jáde. Láti ọjọ́ tó bá ti forúkọ nǹkan náà sílẹ̀ títí di ogún ọdún, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìparí ìwé náà, àwọn gbólóhùn kan máa ń wà tí wọ́n fi nọ́ńbà sí. Àwọn gbólóhùn yẹn ni ààlà. Bí àwọn baba wa ṣe máa ń gbin pèrègún sí igun ilẹ̀ kí ọmọ ìyá méjì má baà jà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn wọ̀nyí ṣe ń fi ibi tí ohun ìní ẹni náà dé hàn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé pèrègún kì í ní ìtumọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ sì máa ń ní. Bí mo bá kọ ọ́ pé èmi ni mo ni gbogbo "oògùn" tó wà nínú àpótí kan, ṣé èyí tí wọ́n rà ní ilé oògùn nìkan ni, àbí àgbo tí màmá sè náà wà nínú rẹ̀? Oníṣègùn ìbílẹ̀ á ní ó wà nínú rẹ̀. Apòògùn òyìnbó lè ní kò sí. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ní ọdún 1996, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dáhùn irú ìbéèrè yìí nínú ẹjọ́ Markman. Ètò tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń tọpa aṣọ oníbàárà ni wọ́n ń jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ ni "inventory", ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ó di dandan kí aṣọ fúnra rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ náà, àbí àkọsílẹ̀ owó nìkan ti tó? Ilé ẹjọ́ ní adájọ́ ló gbọ́dọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú páténtì. Iṣẹ́ ti jùrí ni láti wò ó bóyá ọjà tí wọ́n ń jà lé lórí bọ́ sínú ìtumọ̀ tí adájọ́ ti ṣe.

Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ páténtì níbẹ̀ tún la ọ̀nà náà sí i nínú ẹjọ́ Phillips. Wọ́n ní ìtumọ̀ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa fún ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn tó bá ka gbogbo ìwé páténtì yẹn tán, ni ká tẹ̀ lé. Ìwé atúmọ̀ èdè kọ́ ni ká kọ́kọ́ ṣí.

Ìjà àkọ́kọ́: ẹ̀yìn aago

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni Apple fi kíka ọ́síjìn sínú aago rẹ̀. Masimo ti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní California ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Ní ọdún 2021, ó tún gbé e lọ síwájú àjọ ITC tó ń rí sí ọjà tó ń ti òkèèrè wọ Amẹ́ríkà. Àjọ yìí kì í ní kí ẹnikẹ́ni san owó fún olùpẹ̀jọ́. Ohun tó lè ṣe ni kó ti ilẹ̀kùn èbúté mọ́ ọjà.

Gbólóhùn tí wọ́n tú wò níbẹ̀ ń sọ nípa ẹ̀rọ tí èèyàn ń wọ̀ sára, tó ní àwọn iná kéékèèké, tó ní ojú mẹ́rin tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ní ibì kan tó wú jáde róbótó, tí ihò wà lára rẹ̀. Bí aago bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ bọ́ ọ kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bí ìbéèrè. Báwo ni nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ wú tó ká tó lè pè é ní wíwú? Bí gíláàsì bá dí ojú ihò, ṣé ihò ṣì ni? Ọmọdé lè fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ló ń sọ bóyá àpótí ọjà á wọ ìlú tàbí kò ní wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2023, àjọ náà ní Apple ti rú òfin lórí páténtì méjì nínú ti Masimo. Òfin fún ìjọba Ààrẹ Biden ní ọgọ́ta ọjọ́ láti fagi lé e. Wọn kò fagi lé e, àṣẹ náà sì múlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Láti ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2024, Apple pa kíka ọ́síjìn lórí àwọn aago tó ń tà ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà ọjà àwọn aago náà máa ń parí pẹ̀lú LW/A. Àwọn tó tà ní orílẹ̀-èdè mìíràn kò kàn án. Ìdí rèé tí aago tó ti Houston wá fi lè dákẹ́, tí èyí tó gba Dubai wọ Accra sì ń sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Apple dá a padà fún àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́nà mìíràn. Aago á kó ìmọ́lẹ̀ jọ, fóònù ló máa ṣírò rẹ̀, orí fóònù náà lèèyàn á sì ti rí èsì. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà gbà pé èyí kò rú àṣẹ náà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ló tún ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ "tí èèyàn wọ̀ sára" ni páténtì wí. Bí ìṣirò bá ti bọ́ sínú fóònù tó wà ní àpò, ṣé ohun tó wà lára ló ṣì ń wọn ọ́síjìn? Masimo kò gbà. Inú oṣù yẹn kan náà ló pe àwọn aṣọ́bodè lẹ́jọ́.

Ìjà kejì: ta ni aláìsàn?

Páténtì tó mú mílíọ̀nù 634 wá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó ti pé ọdún, agbára rẹ̀ parí ní 2022. Owó ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó parí ni wọ́n ń bèèrè. Ó ń sọ nípa ọgbọ́n tí ẹ̀rọ fi lè dín bátìrì tó ń jẹ kù nígbà tó bá ń ṣọ́ aláìsàn láìdáwọ́dúró. Jùrí ní ìkìlọ̀ tí aago Apple máa ń fúnni nígbà tí ọkàn bá ń lù jù tàbí tó bá rẹlẹ̀ jù, àti bó ṣe ń ka ìlù ọkàn nígbà eré ìdárayá, bọ́ sínú ààlà yẹn. Apple fèsì pé òun á pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n ní páténtì náà ti parí, àti pé ọgbọ́n àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ aláìsàn ló wà fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i gẹ́gẹ́ bíi dókítà. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ aláìsàn ní ọsibítù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kì í sinmi. Bó bá ké, nọ́ọ̀sì á sáré wá. Ìkìlọ̀ ìlù ọkàn lórí aago kò rí bẹ́ẹ̀. Apple fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún oníbàárà pé ìgbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti wà ní ìdákẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìkìlọ̀ náà máa ń wáyé. Ní ti ọ́síjìn, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe fún lílò ìṣègùn, pé fún àlàáfíà ara lásán ni.

Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, ta ló sọ pé ẹni tó ń rìn lójú títì kì í ṣe aláìsàn? Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà ní Tema ló ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní èbúté àti ní ilé iṣẹ́ irin ní gbogbo ọjọ́. Àìsàn ti jáde kúrò lórí ibùsùn, ẹ̀rọ náà sì ti bá a jáde. Nítorí náà, èmi kò rò pé ìbéèrè yìí jẹ́ ẹ̀tàn agbẹjọ́rò lásán. Ó le lóòótọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Ìdájọ́ jùrí kò sọ aago yẹn di irinṣẹ́ ọsibítù. Ẹjọ́ páténtì máa ń bèèrè pé: ta ló ni ọgbọ́n yìí? Kì í bèèrè pé: ṣé nọ́ńbà tó ń gbé jáde péye? Àwọn tó ń bèèrè ìyẹn ni àwọn àjọ bíi FDA ti Ghana tí òfin ìlera ọdún 2012, Act 851, gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, tàbí NAFDAC ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ kan lè jàre lórí páténtì kí ẹ̀rọ rẹ̀ má péye lára yín. Òmíràn lè jẹ̀bi, kí tirẹ̀ sì péye.

Ìbéèrè tí ẹjọ́ náà kò bi: àwọ̀ wa

Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Wọ́n wo àwọn aláìsàn tí oximeter orí ìka ní ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, wọ́n sì fi wé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀. Nínú èsì àyẹ̀wò ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn ti wà nísàlẹ̀ 88 ní tòótọ́. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ ń sọ fún aláwọ̀ dúdú pé ara rẹ̀ dá nígbà tí ara rẹ̀ ń jò. Èròjà tó ń mú awọ wa dú náà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, ó sì lè da ìṣirò rú.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ ọsibítù ni ìwádìí yẹn yẹ̀ wò, aago kọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ní láti ta padà láti ọrùn ọwọ́ tún ń bá iṣẹ́ tó le jù ìyẹn lọ pàdé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé ìwòsàn àdúgbò kan tó ń jẹ́ Roots, ní ìlú Oakland ní California, pe àwọn tó ń ṣe oximeter àti àwọn tó ń tà á lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, FDA ti Amẹ́ríkà gbé àbá jáde pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí máa dán an wò lára oríṣiríṣi àwọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú tèmi, èyí ló kan àwa tó wà ní Tema, Ìbàdàn àti Kútọnu ju mílíọ̀nù 634 lọ.

Ṣé àṣẹ Amẹ́ríkà dé Tema?

Kò dé. Páténtì orílẹ̀-èdè kan kì í kọjá bodè orílẹ̀-èdè náà. Ghana ní òfin páténtì tirẹ̀, Act 657 ti ọdún 2003, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ ARIPO tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Harare. Benin àti Togo wà nínú OAPI tó wà ní Yaoundé. Nàìjíríà ń lo òfin tirẹ̀. Bí wọn kò bá gba páténtì ohun kan fún Ghana, ẹni tó bá ṣe nǹkan náà tà ní Ghana kò rú òfin páténtì Ghana. Àṣẹ ITC kò sì lè dá àpótí aago kan dúró ní èbúté Tema.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ẹ fi ọkàn sí èyí. Páténtì kì í ṣe ìwé àṣírí. Gbogbo ayé ló lè kà á. Èyí tí ọdún rẹ̀ bá sì ti pé, bíi èyí tó parí ní 2022 yìí, ti di ti gbogbo ayé. Ẹ lè kà á, kí ẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kí bátìrì pẹ́, kí ẹ sì ṣe ẹ̀rọ tí ẹ kọ́kọ́ dán wò lára àwọ̀ tiwa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe

Bí aago yín bá ń ka ọ́síjìn, ẹ fi wo bó ṣe ń lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ má fi pinnu pé ẹ kò ní lọ sí ọsibítù. Bí èémí bá ń ṣòro, bí àyà bá ń dùn yín, bí orí bá ń dàrú, bí ètè, ahọ́n tàbí ẹran ìdí eyín bá ń ṣú, ẹ jáde nílé kíákíá, bí aago tilẹ̀ ń kọ 98.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ọ́síjìn nílé nítorí àìsàn, oximeter ìka tí àjọ ìjọba ti fọwọ́ sí sàn ju aago lọ. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò. Ẹ lo ìka tí làálì kò sí lára rẹ̀. Ẹ mú ọwọ́ gbóná, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ dúró títí nọ́ńbà á fi dúró sójú kan. Àwọn FDA Amẹ́ríkà sọ pé bí ẹ̀rọ tí àwọn fọwọ́ sí bá kọ 90, òótọ́ ọ̀rọ̀ lè wà níbikíbi láàárín 86 sí 94. Nítorí náà, bó bá ti kọ 92 tàbí kó dín, ẹ má dúró wò ó. Bó bá sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti 98 sí 96 sí 94, ìyẹn náà ti tó pe dókítà.

Ní ti ọmọdé, ẹ má fi aago wọn ọ́síjìn rẹ̀ rárá. Bí ọmọ bá ń mí lókè lókè, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí kò lè mu ọmú, ọsibítù ló kàn.

Ẹ̀yin tí aago yín ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo nọ́ńbà ọjà rẹ̀. Bí LW/A bá wà ní ìparí rẹ̀, ẹ má bá ẹ̀gbọ́n yín jà. Ó rà á bó ṣe yẹ.

Àwọn agbẹjọ́rò á ṣì máa fa ọ̀rọ̀ "aláìsàn" mọ́ra wọn lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọsibítù, àwa ní ìtumọ̀ tó rọrùn: ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá, tó sì wá bá wa, aláìsàn ni, ohun yòówù tí aago ì báà máa sọ.